Ẹ Ká Tàpólì Yẹn Kúrò, Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, ọlọ́kọ̀ tí kì í wa ọkọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ ọdẹ tí ẹ ń ṣe tọ̀sán-tòru, tí ẹ ń ṣọ́ ohun tí kò lè sá lọ.

Wọ́n ní ẹ ń bínú sí mi. Wọ́n ní ẹnì kan ló wá bá yín nílé pé mo jókòó sí ìsọ̀ fọ́kanáísà, mo sì ń pe píkọ́ọ̀pù yín ní òkú tí a kò tíì sin. Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ mi. Ohun tí mo sọ gan-an ni pé òkú tí wọ́n ti fi tàpólì dì, tí wọ́n wá gbàgbé láti sin ni. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Mo ní kí n tètè kọ̀wé kí wọ́n tó tún fi iyọ̀ sí i. Mo sì kọ ọ́ ní gbangba, kí gbogbo àdúgbò lè bá mi bẹ̀ yín, torí mo mọ̀ pé bí mo bá wá sílé, ẹ ó fún mi ní mínírà tútù, ẹ ó bi mí léèrè àlàáfíà àwọn ọmọ, ẹ ó sì rí i dájú pé fèrèsé tó kọjú sí ọkọ̀ yẹn wà ní títì.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn yín, kí èyí tó kù lè lọ lọ́fun. Ohun tí ẹ ní nínú ọgbà yẹn kò wọ́pọ̀. Peugeot gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1968, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fi jẹ ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975 ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria (PAN) bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen ṣí tiwọn lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá jẹ́ ọ̀gá níṣẹ́ ìjọba, 504 ló ń gbé e. Bí ó bá ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Benin, 504 ẹlẹ́yìn gígùn ni yóò wọ̀. Bí ọlọ́pàá bá ń lé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 504 ni wọ́n fi ń lé e. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ dé ní 1979 láti gba ipò píkọ́ọ̀pù 404 tí àwọn bàbá wa mọ̀. Sípíríìnì pẹlẹbẹ ni wọ́n tò léra wọn sábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè gbé tọ́ọ̀nù kan àti díẹ̀. Ní Èkó, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí “díẹ̀” yẹn parí sí.

Ohun tí ojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí kò kéré. Pákó ni wọ́n ń rù láti Òkobàbá lọ sí Múṣín, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tí iwájú yóò máa wo ọ̀run. Wọ́n ru sìmẹ́ńtì, wọ́n ru iyanrìn, wọ́n ru gáàrí, wọ́n ru ìyàwó àti ẹrù ìyàwó, wọ́n ru ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àti àwọn olólùfẹ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, ẹ̀yà ọkọ̀ tí PAN ń kó wọlé wọ́n gógó, ọkọ̀ tuntun di ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò lókèèrè, tòkunbọ̀ sì gba ojú pópó. Àwọn píkọ́ọ̀pù tó wà nílẹ̀ kò rí ìsinmi. Wọ́n jó wọn ní wẹ́dà, wọ́n lẹ̀ wọ́n, wọ́n gbé ẹ́ńjìnì ọlọ́kọ̀ mìíràn sí wọn nínú, títí ọjọ́ tí oní-kọ̀ńdẹ́mù fi wọ́n wọn lórí ìwọ̀n, tí wọ́n sì tà wọ́n ní kílò-kílò. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè rí Mercedes ọdún pípẹ́ tó ṣì mọ́ tónítóní lọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀, tí kò ní rí píkọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Kò sẹ́ni tó ń fi ọkọ̀ ẹrù pamọ́. Ìwọ̀nba tí irin rẹ̀ bá lè gbé ni wọ́n ń lò ó, lẹ́yìn náà wọ́n tún lò ó díẹ̀ sí i.

Tiyín ńkọ́? Bí ẹ ṣe máa ń sọ ọ́, Bàbá rà á ní 1983 nítorí kọ́ńtíráàtì kan tó fẹ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ọkọ̀ dé, kọ́ńtíráàtì kò dé. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún yẹn gan-an, 31 Oṣù Kejìlá, ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Shagari, ẹni tó ṣèlérí kọ́ńtíráàtì sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Píkọ́ọ̀pù jókòó, ó ń retí ẹrù. Ó ṣì ń retí rẹ̀ títí di òní.

Bẹ́ẹ̀ ni míítà rẹ̀ kò ṣe tíì pé 18,000 kìlómítà. Àwọn ọ̀tá yín (èmi kò sí lára wọn) ń sọ pé ọ̀pọ̀ míítà àtijọ́ kò ní ju nọ́ńbà márùn-ún lọ, pé bí ó bá ka 99,999 tán, òdo ló ń padà sí, nítorí náà ta ló mọ̀ bóyá ìyípo kejì ló wà. Mo ti gbèjà yín lórí ìyẹn. Mo ní kí wọ́n lọ wo rọ́bà ojú pẹ́dà, gbogbo ìlà rẹ̀ ló ṣì hàn ketekete. Mo ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà kí wọ́n sì tì í: ó ń pa dé láìjẹ́ pé ènìyàn gbé e sókè díẹ̀, èyí tí kò sí 504 kankan tó ṣiṣẹ́ rí tó lè ṣe é. Wọ́n ní àwọn kò lè ṣí ilẹ̀kùn torí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti wọ̀.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù, ẹ̀gbọ́n, ni pé píkọ́ọ̀pù wà ní Makoko láti ọjọ́ tó ti pẹ́ tó báyìí, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ sí ọjà ẹja Aṣejèrè, kò sì gbé ẹja rí. Ẹyọ kan! Edé pàápàá kò jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja lójú omi, tí wọ́n ń fi orí ru agbọ̀n lọ pàdé ọkọ̀ lẹ́bàá títì, wọ́n ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín lárààárọ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè yín. N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ó dáa. Ibi tí mo ti dọ̀bálẹ̀ fún yín gbalaja ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú pánẹ́ẹ̀lì-bítà wá, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe yín ní kàyéfì ọjọ́ ìbí. Wọ́n fẹ́ họ ọ̀dà funfun tó ti ń ṣú yẹn kúrò, kí wọ́n fín in ní pupa tó ń dán bí ètè. Wọ́n fẹ́ yọ àga, kí wọ́n gbé ti aláwọ sí i. Rímù tó ń kọ mànà, ẹ́ńjìnì Toyota, ẹ̀rọ orin tí yóò máa mi ògiri aládùúgbò. Ẹ kò sọ̀rọ̀. Ẹ wọlé, ẹ mú ìgbálẹ̀, ẹ sì lé pánẹ́ẹ̀lì-bítà dé ojú ọ̀nà Makoko. Ẹ ṣeun. Ìgbálẹ̀ yẹn ṣe ju ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń fi ìwé ṣe.

Torí kí ni? Ẹ lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn. Mercedes dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní 13 Oṣù Kejì 1976 wà níbẹ̀, ojú ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ wá wò ó bí òṣìṣẹ́ aláàánú kan bá pe pánẹ́ẹ̀lì-bítà yín yìí kó dí ihò, kó na irin, kó fín in ní dúdú tuntun. Ọkọ̀ yóò rẹwà. Àwọn ọmọ ilé ìwé yóò dúró níwájú rẹ̀, wọn ó rí Mercedes àtijọ́ kan, wọn ó sì béèrè pé èló ni. Gbogbo ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbé e síbẹ̀ yóò ti bá yanrìn olùnà lọ. Ọkọ̀ yín kò rí ìbọn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n fín sí i kí ó tó dé ọwọ́ Bàbá, àti ibi tí ìgbọ̀nwọ́ wọn ti ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé ní ìwọ̀nba ìgbà tí wọ́n wà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ń wà. Ọ̀dà tuntun ń bẹ ní Ládìpọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá.

Àwọn aráyé ti mọ èyí dé ibi tí owó wọ̀ ọ́. Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Pierce, ní Nebraska ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ray Lambrecht àti ìyàwó rẹ̀ ta Chevrolet fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún. Èyí tí kò bá tà, wọn kì í dín owó rẹ̀ kù láti fi lé e lọ. Ṣe ni wọ́n ń kó o pamọ́. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2013 wọ́n lu ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo, nǹkan bí 500 lápapọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ya lọ sínú pápá. Píkọ́ọ̀pù Cameo kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1958. Míítà rẹ̀ ka máìlì kan àti díẹ̀, 1.3 péré. Ẹni tó gbé e lọ san 140,000 dọ́là. Kí inú yín má tíì dùn jù, ẹ̀gbọ́n. Dọ́là yẹn kò sí ní Makoko. Bí ẹ bá gbé tiyín lọ bá àwọn tó ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá títì, ohun àkọ́kọ́ tí wọn ó bi yín ni bóyá AC rẹ̀ ń mú tútù jáde.

Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn Lambrecht tí ẹ kò ní fẹ́ gbọ́. Gbogbo àwọn ọkọ̀ yẹn kọ́ ló wà nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ló wà níta, tí igi hù sáàárín wọn, tí ilẹ̀ tútù ń jẹ wọ́n láti ìsàlẹ̀ bọ̀. Ẹni kan náà ló ni wọ́n, ìfẹ́ kan náà ló ní sí wọn. Ibi tí wọ́n gbé wọn sí ló yàtọ̀.

Ẹ̀yin wá gbé tiyín sí Makoko.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Omi ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé yín kì í ṣe omi odò, kì í sì ṣe omi òkun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, òkun á ti iyọ̀ wọ inú rẹ̀. Bí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tún fọ̀ ọ́. Atẹ́gùn ń gbé iyọ̀ yẹn wá lé ohun gbogbo lórí, iyọ̀ sì máa ń fa omi mọ́ra. Irin tí iyọ̀ bá bà lé kì í gbẹ tán. Ẹ fi èéfín kún un. Èéfín igi tí wọ́n fi ń yan ẹja ní ásíìdì díẹ̀ nínú, ó sì ń lẹ̀ bí oje. Bẹ́ẹ̀ ẹ lọ gbé tàpólì bo gbogbo rẹ̀, ẹ so ó nígun mẹ́rin, ẹ sì fi bíríkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lálẹ́, irin á tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á di ìrì lára rẹ̀. Ọkọ̀ tó wà ní gbangba, oòrùn àárọ̀ á gbẹ ẹ́. Tiyín ń wẹ ìwẹ̀ òòru lábẹ́ tàpólì títí di ọ̀sán. Ẹ má gbà mí gbọ́. Ẹ ká igun kan sókè ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la kí ẹ fi ọwọ́ ra abẹ́ rẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá gbẹ, mo gbà kí ẹ fi ìgbálẹ̀ yẹn lé èmi náà.

Ìpẹtà kì í bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú ń wò. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn láti inú, níbi tí wọ́n lu ihò kéékèèké sí kí omi lè máa jò jáde, tí eruku ti dí báyìí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, àti níbi tí irin méjì ti pàdé. Ìgbà tí ẹ bá rí i tí ọ̀dà wú bí ẹni pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun nínú lọ́hùn-ún.

Ọ̀rá orí àga ńkọ́? Láti 1983, ẹ̀gbọ́n! Àwọn tó fi í bo àga kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò fi í sílẹ̀ ju ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé lọ. Ẹ ní kó má baà dọ̀tí ni. Ta ló ń jókòó síbẹ̀ tí yóò dọ̀tí? Ọ̀rá yẹn ń sé ooru àti ọ̀rinrin mọ́lẹ̀, tìmùtìmù abẹ́ rẹ̀ sì ti ń bu. Mo gbóòórùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ṣèèṣì gbàgbé gíláàsì ní ṣíṣí. Òórùn ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin pé kẹ́nikẹ́ni má wọ̀ ni.

Ẹ ó sọ pé ẹ máa ń tan ẹ́ńjìnì rẹ̀. Mo mọ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Sátidé á dé, ẹ ó ká iwájú tàpólì sókè, ẹ ó tan án, yóò wúkọ́, yóò kọ̀, yóò gbà. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́, ẹ ó pa á, ẹ ó sì bò ó padà pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn. Ó dùn mí láti sọ fún yín pé ìyẹn burú ju kí ẹ má tan án rárá lọ. Omi wà lára ohun tí bẹntiróòlù ń dà nígbà tó bá jó. Bí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa, tí ọkọ̀ sì rìn, omi náà á di òòru, á bá ẹnu sáléńsà jáde. Bí ẹ bá pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, omi á jókòó sínú sáléńsà, á máa jẹ ẹ́ láti inú, díẹ̀ á sì wọ inú ọ́ìlì. Ẹ wá ń ṣe ìyẹn ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀, bí oògùn.

Àwọn tó kù, n kò ní fi gùn yín. Bẹntiróòlù tó bá pẹ́ ní táǹkì á di oje, á dí ojú kábúrétọ̀. Omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, ọ̀rinrin yẹn ló ń mú kí bíréèkì há. Táyà tí kò rìn á là lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ṣì ní ìlà bí tuntun. Eku… ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n sọ ti eku. Mo rí ọ̀kan tó ń jáde láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan, ó rìn bí onílé.

Ẹ wo àwọn ará wa Ègùn tó wà lórí omi lẹ́yìn yín. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ tó ń bọ̀ ń pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èyí tí wọ́n bá fà sórí ilẹ̀ tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún oòrùn, pákó rẹ̀ á súnkì, ojú ìsopọ̀ á yanu, ọjọ́ tí wọ́n bá sì dá a padà sómi ni wọ́n máa ń gbọ̀n ọ́n títí agara á fi dá wọn. Kò sí bàbá Ègùn kan tí yóò fi tàpólì di ọkọ̀ rẹ̀ kó sì pe ìyẹn ní ìtọ́jú.

Àjọ kan wà ní àgbáyé fún àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́, FIVA ni wọ́n ń pè é, ó ti wà láti 1966. Wọ́n ní ìwé ìlànà kan tí wọ́n fi orúkọ ìlú Turin pè. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti gbà pé kí ènìyàn dá ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe sí bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, pé àtúnṣe tó bá di dandan kò gbọdọ̀ pa ojú ọjọ́ orí ọkọ̀ rẹ́. Ẹ ti mọ ìyẹn láìka ìwé kankan, ìgbálẹ̀ ni ìwé tiyín. Ṣùgbọ́n àwọn kan náà ló sọ pé kí ọkọ̀ máa rìn, pé lílo rẹ̀ wà lára títọ́jú rẹ̀. Apá yìí ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Bóyá ó wà lábẹ́ tàpólì.

Kí wá ni kí ẹ ṣe? Ẹ kan páànù sórí òpó mẹ́rin, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ní dandan àfi kí ẹ bò ó, aṣọ òwú ni kí ẹ fi bò ó, èyí tó lè mí. Ìyàwó yín ní àpótí aṣọ ẹbí tí wọn kò lè wọ̀ mọ́. Ẹ rán mẹ́rin pọ̀, ọkọ̀ yín á di àlejò pàtàkì níbi òkú ẹni tí kò mọ̀ rí. Omi tó mọ́ ni kí ẹ máa fi fọ̀ ọ́, láti òkè dé abẹ́, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, torí ìyẹn ń họ ìwọ̀nba ọ̀dà tó kù. Ẹ fi igi tínrín ṣí àwọn ihò ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Abẹ́ ọkọ̀, ẹ fi gíríìsì tàbí ọ́ìlì tó mọ́ pa á fẹ́ẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yóò gbé ọ́ìlì dúdú wá pé òun náà ni àwọn bàbá òun ń lò. Ọ́ìlì tó ti lò ní ásíìdì àti ìdọ̀tí nínú, bí ó bá sì ń kán, inú ọ̀sà ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ẹja, a ó sì tún padà rà á ní Aṣejèrè.

Ní ti mẹkáníìkì, ẹ wá àgbà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ iṣẹ́, n kò sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan tó yí ọkọ̀ àtijọ́ kan po tó ń wá ibi tí yóò ti ki wáyà kọ̀ǹpútà rẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹni tó lè gbọ́ kábúrétọ̀ kó sì mọ ohun tó ń dùn ún, àwọn bàbá tó ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn Yábàá ni, tí àwọn oníbàárà wọn ti ń kú tán. Ohun tí wọ́n bá tú, tó di dandan kí wọ́n pààrọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ fi bébà wé e, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìrajà Bàbá. Nọ́ńbà àtijọ́ tí ẹ kàn mọ́ ògiri pálọ̀, irú èyí tí a ń lò kí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC tó yí i padà ní 1992, ẹ dá òun náà padà sínú ọkọ̀. Ẹ lọ gba tuntun fún ojú pópó. Ẹ ó tò, ẹ ó bínú, ẹ ó rí i gbà.

Ohun kan wà tí n kò ní fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní Oṣù Keje 2012, ìjọba fún àwọn ará wa tó wà lórí omi ní wákàtí 72 pé kí wọ́n kó kúrò. Ẹ wà níbẹ̀ jù mí lọ. Ẹ rí bí wọ́n ṣe ń gé òpó ilé, bí àwọn ènìyàn ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi. Ohun tó lè rìn là. Ohun tí kò lè rìn di igi ìdáná. Orí ilẹ̀ ni ẹ̀yin wà, mo gbà, ìwé yín pé. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri yín lọ́la, píkọ́ọ̀pù tí bíréèkì rẹ̀ ti há, tí táyà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn oní-kọ̀ńdẹ́mù ní Owódé-Onírin ni yóò sùn. Oní-kọ̀ńdẹ́mù kò ní béèrè iye tí míítà kà. Ìwọ̀n ló máa gbé wá. Kò sí ìgbálẹ̀ tó lè lé katakata.

Nítorí náà, mo ti bá yín ṣètò. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ béèrè, torí mo mọ ìdáhùn. Fọ́kanáísà ti gbà láti wá sílé. Mo ti rí bàbá mẹkáníìkì kan, ó ní kí ẹ fa bẹntiróòlù inú táǹkì dà, kí ẹ má sì tan án títí àwọn yóò fi dé. Ó ní Sátidé méjì péré ni kí ẹ fi ara dà á. Bí gbogbo nǹkan bá pé, Sọ́ńdè tí àwọn ènìyàn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí títì dá, ẹ ó wà á jáde lójú ọ̀nà Makoko, a ó yà sí Adékúnlé, a ó gba Herbert Macaulay lọ dé Sábó, a ó sì padà. Kí ẹ́ńjìnì gbóná, kí sáléńsà pọ omi inú rẹ̀ jáde, kí Yábàá rí yín. Ẹ̀yin ni ẹ ó wà á. Èmi á jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń fa ọkọ̀, n kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan, n kò sì ní sọ̀rọ̀ àfi bí ẹ bá kọjá 40.

Nígbà tí a bá ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká yà ní Aṣejèrè. Agbọ̀n ẹja kan ṣoṣo ni. Mo ti bá ìyá tó ni ín sọ̀rọ̀, ó ní òun á bu ẹ̀dínwó fún yín kí òun lè rí i lójú. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé yóò jò sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyẹn rọrùn: a ó fi ọ̀rá orí àga wé e.

Èmi ni àbúrò yín ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, tí kò tíì wọ inú rẹ̀ rí.

Ẹ bá mi kí ìyàwó. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti rí àwọn aṣọ ẹbí tí a lè lò. Kí wọ́n má fọwọ́ kan èyí tó pupa.